Alága Tó Fi Òfin De Kù-Díẹ̀-Káàtó

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ẹ má fi mí jẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́fíìsì, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi mọ̀ ọ́n? Ẹni tí kò jókòó sórí àga tó ń yí rí, kí ló kàn án nínú bí àga ṣe ń yí? Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àga Olóyè Fẹ̀hìntọlá Májẹ́kódùnmí ń yí, mo mọ̀ pé bó bá ti ń yí ló ń dún bí adìyẹ tó fẹ́ yé, mo sì mọ̀ pé wọ́n gbé e sórí àpótí pákó kan tí wọ́n fi rọ́ọ̀gì bò, kí ẹni tó bá wọlé wá bá Olóyè lè kọ́kọ́ gbójú sókè kó tó kí i. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀. Ìyẹn àti ìyókù.

Olóyè yìí ni Alága Àjọ Ayẹṣẹ́wò, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Ring Road. Iṣẹ́ wọn kò le. Bí kọngilá kan bá ní òun ti ṣe ọ̀nà, tàbí òun ti gbẹ́ kànga, tàbí òun ti kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ọjà, àwọn ará Àjọ Ayẹṣẹ́wò á lọ wò ó, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì sọ fún ìjọba bóyá ó tó. Ojú àpótí mẹ́ta ló wà lórí fọ́ọ̀mù wọn: Ó tó. Ó kù díẹ̀ káàtó. Kò tó rárá. Èyí tí o bá rí ni kí o máàkì. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà lè ṣe é, bí kò bá ti lójo.

Àmọ́ alága fìdíhẹ ni Olóyè. Ẹ̀yin náà mọ fìdíhẹ. Ẹni tó fi ìdí kan jókòó, tí ìdí kejì ń retí lẹ́tà. Ọdún méjì ni ìdí kejì Olóyè ti ń retí lẹ́tà ọ̀hún lọ́wọ́ Kọmíṣánnà, Ìyáàfin Adétóun, ìyàn rẹ̀ sì ti ń mú un dé ojú oorun. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé mọ́ ju pé kí wọ́n pa fìdíhẹ rẹ́ lára àkọlé ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Hamidah hàn yín, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dì mọ́ lẹ́sẹ̀. Àgbà olùbẹ̀wò ni, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́nu iṣẹ́, ilé rẹ̀ wà ní Agbowó. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n tí téèpù ìwọ̀n kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Tí Hamidah bá wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ bóyá posí máa gbabẹ̀ jáde.

Láràárọ̀, bí ọkọ̀ Olóyè bá ti ń wọ ọgbà, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ọ̀nà méjì. Luqman, alukoro àjọ, á sáré ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Luqman yìí, bí o bá jí i lójú oorun, ìyìn ni yóò kọ́kọ́ sọ kó tó béèrè ẹni tí à ń yìn. Á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, sà. Erin tó dé Ring Road tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo Challenge lo oògùn."

Olóyè á ní, "Luqman, ó pọ̀ jù."

Luqman á ní, "Mo ti dín in kù nìyẹn, sà."

Báyìí ni wọ́n ń báyé lọ títí di ọjọ́ tí rédíò ba nǹkan jẹ́.

Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ tó dá gbogbo rògbòdìyàn yìí sílẹ̀ wò. Kù-díẹ̀-káàtó. Kì í ṣe èébú o. Ẹni tó bá fẹ́ bú ọ á ní o ò dára, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tí o dalẹ̀ rẹ̀ á ní o já òun kulẹ̀, ìyẹn ju ilẹ̀kùn lọ, ilé ló wó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní o kù díẹ̀ káàtó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ ni. Ó ní a ti ń rí ọ bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ rẹ ni kò tíì wọlé. Ìyá ọkọ á tọ́ ọbẹ̀ wò, á ní, "Ó dùn o, ìyàwó wa, ó kàn kù díẹ̀ káàtó ni." Ìyàwó á lọ fi iyọ̀ sí i, ilé á tòrò. Olùkọ́ á kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ, bàbá á kà á, kò ní nà án, kò sì ní ra kẹ̀kẹ́ fún un. Ojú rẹ wo ọ̀nà fún nǹkan tó ga tó báyìí. Èyí tó dé ga tó báyìí. Àlàfo àárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ yẹn kọ́lé sí. Ọ̀rọ̀ tútù ni. Bí kò bá sí i, ìjà ni à bá máa fi tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Olóyè wà lẹ́yìn ọkọ̀, Mark, awakọ̀ rẹ̀, wà níwájú, rédíò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí àwọn aráàlú pè wá sọ èrò wọn nípa àwọn olórí àjọ. Ọkùnrin kan tó ń ta pákó ní Bódìjà pè. Ó ní, "Olóyè Ayẹṣẹ́wò yẹn ń gbìyànjú, ká má purọ́. Agbádá ẹ̀ tó. Ìrìn ẹ̀ tó. Iṣẹ́ ẹ̀ nìkan ló kù díẹ̀ káàtó."

Èjìká Mark mì.

"Mark, kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ikọ́ ni, sà."

"Ikọ́ kì í fi eyín hàn," ni Olóyè wí, ó sì ní kó pa rédíò. Wọn ò tan rédíò nínú ọkọ̀ yẹn mọ́.

Kí aago méjì ó tó lù, ìwé àṣẹ ti wà lára gbogbo ògiri. Mo kà á, ìyẹn ni pé ẹnì kan kà á sí mi létí. "Èmi, Olóyè Fẹ̀hìntọlá Májẹ́kódùnmí, lẹ́yìn àròjinlẹ̀, àròtúnrò àti àròsùn, mo pàṣẹ pé láti òní lọ, ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ kù-díẹ̀-káàtó ti di ẹni àná nínú ọgbà yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ojú sọ ọ́ tàbí kó fi èjìká ṣe é. Ẹni tó bá rú òfin yìí, ilé ìkẹ́rùsí wa ní Olúyọ̀lé ń dúró dè é." Wọ́n fi tàdáwà kun ojú àpótí kejì lórí gbogbo fọ́ọ̀mù. Olóyè ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Kò tó rárá, kí wọ́n kun ìyẹn náà. Ó wá fi òmíràn rọ́pò wọn: Ó tó, ó sì ṣẹ́kù.

Ọmọ́fẹ́, akọ̀wé kan báyìí, ló kọ́kọ́ kàgbákò. Wọ́n ń jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Iyọ̀ ẹ̀wà yìí kù díẹ̀ káà..." Ibẹ̀ ló rántí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta jókòó fún ọjọ́ méjì lórí káà. Ọ̀kan ní káà kì í ṣe ọ̀rọ̀, ọ̀kan ní irúgbìn ọ̀rọ̀ ni, ẹnì kẹta ní kí wọ́n gbé ẹ̀wà náà wá kí ìgbìmọ̀ tọ́ ọ wò. Wọ́n gbé e wá, wọ́n tọ́ ọ, iyọ̀ rẹ̀ kò tó lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó lè kọ ọ́ sínú ìjábọ̀. Ọmọ́fẹ́ lọ sí Olúyọ̀lé, níbi tí òun àti eku ti ń pín fáìlì àtijọ́ láàárín ara wọn. Tirẹ̀ ni kó máa kà wọ́n, ti eku ni kó máa jẹ wọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun gbogbo dára ní ìpínlẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wo ìwé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà lápá Dùgbẹ̀ tí wọn ò ṣe ilẹ̀kùn sí. Ìjábọ̀ ní, "Ó tó, ó sì ṣẹ́kù, atẹ́gùn ibẹ̀ pọ̀." Kànga kan wà ní Òkè Àdó tí omi ò sí nínú rẹ̀. "Ó tó, jíjìn rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́." Oṣù mẹ́jọ gbáko, kò sí ohun kan tí kò tó. Olóyè a máa ka àwọn ìjábọ̀ náà sókè, a máa mi orí, a ní, "Ẹ ò rí nǹkan? Látìgbà tí mo ti lé ọ̀rọ̀ yẹn jáde ni iṣẹ́ ti ń lọ déédéé."

Inú adùn yìí ló ti wá ronú afárá.

Odò kan wà láàárín Bódìjà àti Agbowó tí wọ́n ń pè ní Kòlẹ́ja. Lẹ́ẹ̀rùn, ewúrẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá kí pátákò rẹ̀ má tutù. Bí òjò bá dé, á máa gbé àga àti ìkòkò kọjá, àwọn ọmọ iléèwé Agbowó á sì máa rìn yíká fún wákàtí kan kí wọ́n tó dé kíláàsì. Ramlah, ọmọ Hamidah, wà lára wọn. Olóyè ní kò ní jẹ́ iṣẹ́ kọngilá kankan. Àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíì wò ni yóò ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ayé rí bí iṣẹ́ ṣe ń rí. Kọmíṣánnà yóò wá ṣí i. Ọjọ́ yẹn ni yóò mú lẹ́tà wá.

Wọ́n lọ wọn ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Hamidah yọ téèpù.

Olóyè ní, "Gbé e padà. Téèpù làwọn télọ̀ ń lò. Ẹsẹ̀ tó gbé mi dé ibi tí mo wà yìí ni n ó fi wọ̀n ọ́n. Luqman, máa kà."

Ó ká agbádá sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbésẹ̀ láti etí Bódìjà dé etí Agbowó, orí rẹ̀ sókè bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò fún. Ìgbésẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n ni. Hamidah kà á. Luqman náà kà á, mo rí ètè rẹ̀. Olóyè yíjú padà, ó ní, "Mélòó?"

"Ọgbọ̀n géérégé, sà."

Hamidah ní, "Méjìlélọ́gbọ̀n ni mo kà, sà."

Luqman bojú wò ó bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òdì. "Àǹtí mi, èèyàn lásán ló máa gbé e ní méjìlélọ́gbọ̀n. Ṣé ẹ ò rí bí ìgbésẹ̀ Olóyè ṣe gùn ni? Ọgbọ̀n ni kí wọ́n fi kọjá. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ń kánjú ni, méjìdínlọ́gbọ̀n."

Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mi ò kánjú. Kọ ọgbọ̀n."

Wọ́n kọ ọgbọ̀n. Bí ìyìn ṣe jẹ afárá ní ìgbésẹ̀ méjì nìyẹn, kí irin tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń jó o.

Àyàndìran ni wẹ́dà tó jó irin náà pọ̀ ní Bódìjà, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Irin tó dára, òpó mẹ́rin nínú odò, ọ̀pá ìdìmú lọ́tùn-ún lósì. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dúró, Hamidah rìn lórí rẹ̀ láti Bódìjà. Ó rìn, ó rìn, afárá tán, odò kò tán. Agbowó wà lọ́hùn-ún, ìgbésẹ̀ méjì sí i, ó ń wò ó.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Àyàndìran, kí lèyí?"

Àyàndìran nu òógùn ojú. "Àǹtí, ohun tí wọ́n kọ fún mi ni mo ṣe. Èmi náà rí i. Mo sọ fún alukoro yín, ó ní ṣé mo mọ̀ ju Olóyè lọ ni. Ẹ kàn fún mi ní ìwé pé kí n fi irin kún un. Kò gbà mí ju ọjọ́ kan lọ."

"Ìwé wo ni n ó fún yín? Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá tó nìkan la lè kọ. Tó bá sì ti tó, kí lẹ tún fẹ́ fi kún?"

Àyàndìran ronú sí i. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín le ju irin lọ."

Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí wọ́n ṣí i. Hamidah jókòó ti fọ́ọ̀mù, ó ronú títí, ó wá kọ ọ́ báyìí: "Afárá tó. Odò ló fi ìgbésẹ̀ méjì ṣẹ́kù." Ó rò pé òye á yé ẹnikẹ́ni tó bá ní etí méjì. Olóyè kà á, ó sì bínú gidigidi. Sí odò.

Ó ní, "Odò lásánlàsàn. Ta ló ní kó ju bí mo ṣe wọ̀n ọ́n lọ? Luqman, kọ lẹ́tà sí i."

Luqman ò béèrè lẹ́ẹ̀mejì. "Sí Odò Kòlẹ́ja. A ti ṣàkíyèsí pé o kọjá àyè rẹ. A fún ọ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti padà sí ìwọ̀n tí Alága fọwọ́ sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a óò gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ." Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná kan létí odò. Lọ́jọ́ kẹta òjò ńlá rọ̀, odò kún, ó sì wá gba lẹ́tà rẹ̀.

"Ó ti gbà á, sà," ni Luqman wí lọ́jọ́ kejì.

"Ó fọwọ́ sí i?"

"Ó gbé e lọ lódindi, sà. Pẹ̀lú òpó."

Olóyè ní ó dáa, kí wọ́n fi í sínú fáìlì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Ramlah ń wọ ìbọ̀sẹ̀ wò, ó ní, "Màámi, olùkọ́ wa ní ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé ìṣíde, àwa kíláàsì kejì la máa kọ́kọ́ sáré kọjá afárá. Ẹni tó bá ṣáájú máa gba ìwé."

"Sáré?"

"Wọ́n ní ká sáré dáadáa."

Hamidah ò jẹun tán lálẹ́ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kan ilẹ̀kùn Olóyè, ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gbójú sókè dé orí àpótí.

"Sà, ọ̀rọ̀ afárá ni."

"Ó tó?"

"Sà, tí èèyàn bá dá aṣọ, tí aṣọ náà dé orúnkún, tó sì jẹ́ pé kókósẹ̀ ló yẹ kó dé..."

Àga dún. Olóyè tẹ̀ síwájú. "Hamidah. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn lo fẹ́ sọ?"

"Rárá, sà."

"Mo rí i. Ó ti dé ètè ẹ."

"Mo ti gbé e mì, sà."

"Yanu kí n wò."

Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì yanu, alága yẹ ẹnu rẹ̀ wò bí ẹni tó ń wá eyín tó jẹrà. Kò rí nǹkan kan. Hamidah pa ẹnu dé, ó tún gbìyànjú. "Afárá náà parí sínú afẹ́fẹ́ ni, sà."

"Afárá wo ni kì í wà nínú afẹ́fẹ́? Èyí tó bá wà lórí ilẹ̀, ṣé kì í ṣe ọ̀nà ni?" Inú rẹ̀ dùn sí ìdáhùn ara rẹ̀ débi pé ó pe Luqman wọlé kó wá kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún mélòó ló kù kí o fẹ̀yìn tì?"

"Ó ṣì jìnnà, sà."

"Eku Olúyọ̀lé kò mọ àgbà olùbẹ̀wò. Máa lọ."

Ó lọ. Ẹ má bínú sí i, tàbí kí ẹ bínú sí i, kò kàn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń máàkì ó tó, ó tó, ó tó.

Ọjọ́ ìṣíde wá pé. Ọjọ́bọ̀ ni. Kánópì funfun lápá Bódìjà, àga oníke, rìbọ́ọ̀nù pupa lẹ́nu afárá. Agbádá Olóyè lọ́jọ́ náà, ká ní wọ́n tú u, wọ́n lè fi bo odò yẹn mọ́lẹ̀, ìṣòro ì bá ti tán. Gbogbo òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Kọmíṣánnà nìkan ni kò tíì dé. Nígbà tó wá dé, ọ̀nà Agbowó ni awakọ̀ rẹ̀ gbà. Bó ṣe di pé ó yọ ní etí kejì nìyẹn, obìnrin kúkúrú kan tó wé gèlè pẹlẹbẹ, báàgì lápá, òun àti àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ń wòran.

Luqman ò jẹ́ kó ba ètò jẹ́. Ó gbé makirofóònù fún Olóyè. Olóyè ní, "Ìyáàfin Kọmíṣánnà, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì, ẹ̀yin èèyàn tí kò pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí ẹ wá. Àwọn kan wá sí ayé, wọ́n rí odò, wọ́n yíká. Àwọn kan wá sí ayé, wọ́n rí odò, wọ́n wẹ̀. Èmi wá sí ayé, mo rí odò, mo ní kí ó dúró, ó dúró." Odò ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ bi àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ yìí tó?"

"Ó tó, ó sì ṣẹ́kù," ni gbogbo òṣìṣẹ́ wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ètè Hamidah náà mì.

Kọmíṣánnà pariwo láti ọ̀hún pé, "Ẹ ṣeun o, Alága. Ẹ máa bọ̀, ẹ wá mú mi kọjá."

Olóyè gé rìbọ́ọ̀nù. Ó gun afárá. Gbogbo ojú ń bá a lọ, fóònù ń ya fídíò, ó ń juwọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin ló wo ilẹ̀. Ó dúró. Kọmíṣánnà na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Olóyè na tirẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì nà títí, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, ó sì pọ̀.

Kọmíṣánnà gbọ́wọ́ wálẹ̀. Kò bínú, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. "Alága, kí ni ẹ ń pe èyí?"

Olóyè wo Luqman lẹ́yìn. Luqman ní, "Ọgbọ̀n ni, sà," ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

Kọmíṣánnà ní, "Mo béèrè nítorí pé lẹ́tà yín wà nínú báàgì mi. Lẹ́tà kejì wà pẹ̀lú ẹ̀ náà, ti títú àjọ yín ká. Wọ́n bi mí lókè pé oṣù mẹ́jọ rèé, àjọ yín ò rí ohun kan tí kò tó ní gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ohun gbogbo tó, kí la fẹ́ fi àjọ tó ń wọ̀n ọ́n ṣe? Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ fojú rí i. Ẹ ṣàlàyé fún mi. Ẹ kàn sọ bó ṣe rí, gbogbo wa ni à ń ṣe àṣìṣe. Mo máa fọwọ́ sí lẹ́tà yín níbí."

Ẹ gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́, ọ̀rọ̀ tútù yẹn, kó sì gba lẹ́tà rẹ̀. Gbogbo ọgbà ń wo ẹnu Olóyè. Ẹnu náà ṣí. Ó ní, "Ó..." Ó pa á dé. Òógùn jáde lábẹ́ fìlà. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gòkè dé ọ̀fun rẹ̀ tó sì padà. Ó wá fa agbádá sókè, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ó tó, Ìyáàfin. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ìgbésẹ̀ mi ni ẹ ò tíì rí."

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn obìnrin kan jáde láàárín àwọn òṣìṣẹ́, kedere, láìsí makirofóònù. "Ẹ má gbé e o, sà. Ó kù díẹ̀ káàtó."

Hamidah ni. Ẹni tó wà nítòsí ẹ̀ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Olóyè gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ ṣì wà lókè. Ká ní kò gbọ́ ọ ni, bóyá ì bá gbé ẹsẹ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹsẹ̀ padà nítorí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti fi òfin dè? Ó yí ọrùn sẹ́yìn, ó ní, "Hamidah, Olúyọ̀lé," ó sì tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́ orí ìgbésẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Kò kú o, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi kò ju ìbàdí lọ. Atẹ́gùn wọ inú agbádá, ó wú bí ìrọ̀rí tí wọ́n fi owú dí, ó gbé e lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọlá, ó ń yí pọ̀ọ́yì pọ̀ọ́yì, fìlà ń ṣáájú bí ọlọ́pàá alùpùpù. Mark ló sáré lọ dúró dè é ní ìsàlẹ̀ odò, ó fi ọ̀pá kánópì fà á jáde. Èjìká Mark ń mì. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ikọ́ ni.

Lórí ilẹ̀, gbogbo wọn nàgà wo omi. Ni akọ̀wé kan bá ní, "Jíjìn omi yẹn gan-an kù díẹ̀ káàtó." Ẹlòmíì ní kánópì náà kù díẹ̀ káàtó. Ẹnì kan ní ọkọ òun ńkọ́. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ tú jáde lẹ́nu wọn bí omi ẹ̀rọ tó fọ́, wọ́n ń sọ ọ́ sí bàtà ara wọn, sí owó oṣù, sí ìgbeyàwó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan jókòó sílẹ̀. Luqman ti wà ní etí odò, ó ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà rékọjá sọ́dọ̀ Kọmíṣánnà. Ó ní, "Gèlè yín, mà. Ìyá gèlè."

Olóyè wà ní Onírèké báyìí, níbi iṣẹ́ kan tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Olùdámọ̀ràn fìdíhẹ ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, Àyàndìran ti jó ìgbésẹ̀ méjì mọ́ afárá náà. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì sì sáré kọjá lọ́jọ́ Ajé. Ramlah ṣe ipò kẹrin.

Ṣùgbọ́n kí Kọmíṣánnà tó lọ lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ó ní kí Hamidah yíká wá bá òun ní etí Agbowó. Ó fi lẹ́tà méjèèjì padà sínú báàgì, ó pa á dé.

"Ìwọ lo pariwo?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣeun. Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Hamidah wo odò. "Ọ̀sẹ̀ méje, mà."

"Ọ̀sẹ̀ méje. Ó wá di ìgbà tí ẹsẹ̀ wà lókè."

"Ọmọ mi ń lọ síléèwé, mà. Iṣẹ́ yìí ló ń rán an lọ."

"Afárá yìí náà ni ì bá rán an lọ."

Kọmíṣánnà wọ ọkọ̀, ó gba ọ̀nà tó gbà wá. Èmi ò mọ nǹkan kan, mo ti sọ fún yín. Ó rọrùn láti jókòó báyìí ká máa fi Olóyè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ńkọ́, nínú ọ̀sẹ̀ méje yẹn, ọ̀sẹ̀ kelòó lẹ̀yin ì bá ti sọ ọ́?